Kí ẹ tó náwó lórí pẹ́dà gìtá, ẹ kọ́kọ́ wo àmpílífáyà yín

Ọ̀pọ̀ onígìtá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí. Wọn yóò gbọ́ ohùn gìtá kan nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, ohùn náà yóò wọ̀ wọ́n lára, wọn yóò wádìí irú pẹ́dà tí ẹni tó ta gìtá náà lò, wọn yóò sì ṣa owó jọ láti ra irú rẹ̀. Àwọn mìíràn kì í fẹ́ èyí tó ti iléeṣẹ́ wá lásán, wọ́n á ní èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti tú, tí wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan inú rẹ̀, ni àwọn ń wá, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ti lé sí i. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá gbé e délé, tí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tiwọn, ohùn tó máa jáde kò ní jọ èyí tí wọ́n gbọ́. Àwọn kan á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn, àwọn mìíràn á tún gbéra láti lọ ra òmíràn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe pẹ́dà náà. Ohun tí wọn kò kà kún ni àmpílífáyà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, àti sípíkà tó wà lára rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti rí gan-an nìyẹn. Pẹ́dà ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n àmpílífáyà ló ń parí rẹ̀. Pẹ́dà kan náà lè dùn bí oyin lórí ẹ̀rọ kan, kó sì máa gún ni létí lórí òmíràn.

Ohun tí pẹ́dà ń ṣe

Pẹ́dà gìtá jẹ́ àpótí kékeré tí onígìtá ń gbé sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Wáyà kan ń bọ̀ láti ara gìtá wọ inú rẹ̀, òmíràn ń ti inú rẹ̀ lọ sínú àmpílífáyà. Bí onígìtá bá fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnì orí rẹ̀, ohùn gìtá á yí padà. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Àwọn kan ń mú kí ohùn máa dún padà bí ìgbà tí ènìyàn pariwo nínú ihò àpáta, àwọn kan ń mú un gbọ̀n. Ṣùgbọ́n èyí tí àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀ jù, tí wọ́n sì ń tú palẹ̀ jù, ni èyí tó ń mú kí ohùn gìtá há.

Bí ohùn náà ṣe ń há kò ṣòro láti lóye. Ohùn gìtá ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, bí ìgbì omi. Bí wọ́n bá ti ìgbì náà sínú ẹ̀rọ tí òrùlé rẹ̀ kò ga tó, orí ìgbì á kọ lu òrùlé, á sì di pẹrẹsẹ. Orí tó di pẹrẹsẹ yìí ló ń bí àwọn ohùn kéékèèké mìíràn tí kò sí nínú gìtá tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá rọra tẹ orí ìgbì náà, ohùn á há díẹ̀, bíi ti olórin tó ti kọrin mọ́jú. Bí ó bá gé e lójijì, ohùn á máa kùn bí agbọ́n.

Èèṣì ni ohùn yìí fi di ohun tí wọ́n ń fi owó rà. Nílùú Nashville ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń gba orin Marty Robbins tí wọ́n pè ní "Don't Worry" sílẹ̀, orin tó jáde lọ́dún 1961, apá kan nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba orin ní àbùkù, ni gìtá béèsì tí Grady Martin ń ta bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọn kò pa á rẹ́. Glenn Snoddy tó ń bójú tó ẹ̀rọ wá ọgbọ́n tí wọ́n lè fi máa rí irú ohùn bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá wù wọ́n, iléeṣẹ́ Gibson sì gbé e jáde lọ́dún 1962, wọ́n pè é ní Maestro Fuzz-Tone. Ọdún 1965 ló tó wá tà wàràwàrà, lẹ́yìn tí Keith Richards ti ẹgbẹ́ Rolling Stones lò ó nínú orin "Satisfaction".

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí Dave Davies ti ẹgbẹ́ Kinks gbà ní tirẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1964, kò ra pẹ́dà kankan, abẹ ló mú, tó fi la bébà sípíkà àmpílífáyà kékeré kan tó ní. Ohùn tó há tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ orin "You Really Got Me" nìyẹn. Láti ìgbà náà ló ti yẹ kó hàn sí àwọn onígìtá pé sípíkà náà jẹ́ ara irinṣẹ́, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tí ohùn kàn ń gbà jáde.

Oníkálukú ló ní ìwà tirẹ̀

Àmpílífáyà kì í gbé ohùn sókè bí ó ṣe gbà á. Ó máa ń fi tirẹ̀ kún un, ó sì máa ń yọ nínú rẹ̀. Mẹ́rin ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àwọn ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ yòókù ń wò kọ.

Àkọ́kọ́ ni Fender, tí Leo Fender dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California. Twin Reverb tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1963 ní sípíkà 2 tí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó íńṣì 12, agbára rẹ̀ sì tó wáàtì 85 láyé ìgbà náà. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ohun tó wà ní ìsàlẹ̀, ìyẹn béèsì, ń jáde dáadáa, tírébù tó wà lókè náà ń dán, ṣùgbọ́n àárín ohùn lọ sínú díẹ̀. Ó ṣòro kí ó tó há fúnra rẹ̀, àfi bí wọ́n bá ṣí i dé ibi tí àwọn aládùúgbò á fi wá kan ilẹ̀kùn.

Ìkejì ni Marshall, ọmọ Fender ló sì jẹ́ ní tòótọ́. Jim Marshall, onílù tó ń kọ́ni ní ìlù, tó sì ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin ní Hanwell, Lọ́ńdọ̀nù, ló ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí Ken Bran wà lára wọn, wo Fender Bassman, kí wọ́n ṣe irú rẹ̀. JTM45 tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1962 sí 1963 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Bassman náà bí ẹ bá wo inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fáàfù àkọ́kọ́ tó wà nínú rẹ̀ lágbára ju ti Bassman lọ. Sípíkà Bassman jẹ́ 4 tí wọ́n fẹ̀ ní íńṣì 10, ẹ̀yìn àpótí rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ní ti Marshall, sípíkà Celestion 4 tí wọ́n fẹ̀ ní íńṣì 12 ló wà nínú àpótí tí wọ́n dé ẹ̀yìn rẹ̀ pa. Ìyàtọ̀ kékeré wọ̀nyí ló sọ ọ́ di ẹ̀rọ mìíràn. Ó tètè ń há, àárín ohùn rẹ̀ ki, béèsì rẹ̀ sì ń ti ni láyà.

Ìkẹta ni Vox AC30 tí Dick Denney ṣe fún iléeṣẹ́ Tom Jennings ní Dartford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wáàtì 30 ni, tírébù rẹ̀ ń dán bí agogo, ó sì máa ń há díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń ta gìtá le sí i. Ìkẹrin ni JC-120 ti iléeṣẹ́ Roland ní Japan, tó jáde lọ́dún 1975. Èyí kò ní fáàfù rárá, tiransísítọ̀ ló ń lò. Kì í fẹ́ há, ohun tí ẹ bá ti sínú rẹ̀ náà ló máa fi hàn yín, ẹwà àti àléébù rẹ̀.

Fáàfù, fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ni gílóòbù onígíláàsì tó máa ń pọ́n fẹ́ẹ́ nínú rédíò àtijọ́. Ìdí tí àwọn onígìtá fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó máa ń rọra tẹ orí ìgbì ohùn ni, kì í gé e lójijì bí ọ̀pọ̀ tiransísítọ̀ ṣe ń ṣe.

Fuzz Face: nǹkan 11, ìṣòro púpọ̀

Lára àwọn pẹ́dà tí wọ́n ń tú palẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni Fuzz Face, tí iléeṣẹ́ Arbiter ní Lọ́ńdọ̀nù gbé jáde lọ́dún 1966. Ó rí roboto bí ìsàlẹ̀ irin tí wọ́n máa ń gbé maikirofóònù lé. Tí ẹ bá ṣí i, nǹkan 11 péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: tiransísítọ̀ 2, rẹsísítọ̀ 4, kapásítọ̀ 3 àti bọ́tìnì yíyí 2.

Àwọn tiransísítọ̀ ìgbà yẹn, tí wọ́n fi èròjà kan tó ń jẹ́ germanium ṣe, kì í dọ́gba. Ẹ lè kó 10 sílẹ̀, kí ìwà wọn jẹ́ 10 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ooru náà tún ń yí wọn padà: pẹ́dà tó dùn nínú yàrá tó tutù lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège lábẹ́ oòrùn tàbí lábẹ́ iná orí ìtàgé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi wá ń lo tiransísítọ̀ tí wọ́n fi silicon ṣe nígbà tó yá. Ìyẹn kì í tètè gbọ́ ooru, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Roger Mayer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti ṣiṣẹ́ lórí ohùn àti ìgbọ̀nrìrì fún àwọn ọmọ ogun ojú omi, ló ń tún irú pẹ́dà yìí ṣe fún Jimi Hendrix. Òun náà ló ṣe Octavia, pẹ́dà tó ń fi ohùn òkè kún ohùn gìtá, tí Hendrix lò nínú "Purple Haze" lọ́dún 1967. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ra Fuzz Face nítorí Hendrix, tí wọ́n sì rí i pé ti àwọn kò dún bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé Marshall oníwáàtì 100 ni Hendrix máa ń so ó mọ́, tí wọ́n ti ṣí dé òkè. Ohùn àmpílífáyà náà ti ń há fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ pẹ́dà. Fáàfù àti sípíkà ńlá wọ̀nyẹn ló ń fọ́ ẹnu gígún ohùn náà, tó fi wá ki, tó sì dùn.

Bí wọ́n bá so Fuzz Face kan náà mọ́ JC-120, tí ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, gbogbo kíkùn tí Marshall ì bá ti bò mọ́lẹ̀ ló máa jáde síta. Ohùn náà á tín-ín-rín, á sì máa ta ni létí bí agbọ́n inú agolo. Oníṣẹ́ ọwọ́ lè pààrọ̀ tiransísítọ̀ rẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, kò lè sọ JC-120 di Marshall.

Tube Screamer: rẹsísítọ̀ 2 tó di òwò ńlá

Pẹ́dà mìíràn tí àwọn atúnṣe fi ń jẹun ni Tube Screamer ti Ibanez, tí Susumu Tamura ṣe ní Japan. Èyí tí wọ́n pè ní TS808 jáde lọ́dún 1979, TS9 sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1982. Nígbà tó yá, ìròyìn tàn pé TS808 àtijọ́ dùn ju TS9 lọ, ni owó rẹ̀ bá gbẹ́nu sókè. Mike Piera, tí àwọn onígìtá mọ̀ sí Analog Man ní Amẹ́ríkà, di gbajúmọ̀ nípa sísọ TS9 di TS808 fún àwọn oníbàárà. Robert Keeley ní ìpínlẹ̀ Oklahoma náà di ẹni àmọ̀káyé nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì? Bí ẹ bá gbé wọn síra, rẹsísítọ̀ 2 tó wà níbi tí ohùn ti ń jáde ni ohun tó yàtọ̀ jù. Nínú TS808, ọ̀kan jẹ́ 100 ohm, ìkejì jẹ́ 10,000. Nínú TS9, wọ́n jẹ́ 470 àti 100,000. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ IC, bí àwọn atúnrédíòṣe ṣe ń pè é, tí gbogbo ènìyàn ń wá èyí tí wọ́n kọ JRC4558D sí lára. Owó tí wọ́n ń fi ra rẹsísítọ̀ méjì wọ̀nyẹn kò tó nǹkan, IC náà kò sì wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ìyàtọ̀ TS808 sí TS9 kéré gan-an, ó sì rọrùn kí àmpílífáyà bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí pẹ́dà yìí ṣe ń yí ìwà padà, kó so ẹyọ kan ṣoṣo mọ́ àmpílífáyà méjì, yóò gbọ́ ìyàtọ̀ tó ju ti rẹsísítọ̀ lọ fíìfíì.

Tube Screamer máa ń gé béèsì kù kó tó mú ohùn há, ó tún máa ń dín tírébù kù lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù ni àárín ohùn, ó sì ń gbé ìyẹn sókè. Lórí Fender, tí àárín ohùn rẹ̀ ti lọ sínú, ṣe ni àwọn méjèèjì bá ara wọn mu bí ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀. Stevie Ray Vaughan, ọmọ Texas tó kú lọ́dún 1990, lo irú ìsopọ̀ yìí, ìyẹn Tube Screamer lórí Fender. Lórí Marshall tí àárín ohùn rẹ̀ ti ki tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá tún fi pẹ́dà kún un láìfarabalẹ̀, gìtá á bẹ̀rẹ̀ sí í ránmú.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta orin líle ti rí ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n á yí bọ́tìnì tó ń mú ohùn há nínú pẹ́dà náà wálẹ̀ pátápátá, wọ́n á wá yí èyí tó ń gbé ohùn jáde lọ sókè. Pẹ́dà kò há mọ́, àmpílífáyà ló ń há. Iṣẹ́ pẹ́dà kò ju pé kó gé béèsì kù lọ, kí ohùn má baà dàrú bí ẹrẹ̀. Pẹ́dà kan náà nìyẹn o, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n so ó mọ́.

Àtúnṣe wo ló bá ẹ̀rọ wo mu?

Àwọn àtúnṣe tí wọ́n sábà máa ń ṣe kò pọ̀ púpọ̀. Ọ̀kan ni pé kí wọ́n pààrọ̀ kapásítọ̀ kan kí béèsì lè máa kọjá dáadáa. Èyí máa ń ran ẹni tó ní àmpílífáyà kékeré onísípíkà kan lọ́wọ́, nítorí ohùn tirẹ̀ ti fúyẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé pẹ́dà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ síwájú Marshall onísípíkà 4, béèsì á kún àkúnya, ohùn gìtá àti ti béèsì á sì máa jà.

Òmíràn ni pé kí wọ́n yọ dáyóòdù tó ń gé orí ìgbì ohùn, kí wọ́n fi iná pupa kékeré irú èyí tó ń tàn lójú rédíò sí ipò rẹ̀. Àwọn iná yìí ń jẹ́ kí òrùlé ga sí i kí wọ́n tó gé ohùn, nítorí náà ohùn tó ń jáde á lágbára sí i. Lórí àmpílífáyà onífáàfù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ há, agbára yìí ló máa tì í kọjá ààlà, inú onígìtá á sì dùn. Lórí JC-120, kò ní há ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ariwo lásán ló máa fi pọ̀ sí i.

Big Muff tí Mike Matthews ti iléeṣẹ́ Electro-Harmonix gbé jáde ní New York lọ́dún 1969 tún jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Pẹ́dà yìí máa ń gbẹ́ ihò sí àárín ohùn. Bí ènìyàn bá dá nìkan ta á nínú yàrá pẹ̀lú Fender, ohùn rẹ̀ á kún inú ilé. Ṣùgbọ́n Fender náà ti gbẹ́ ihò tirẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí onílù àti oníbéèsì bá dé, onígìtá á máa ta, àwọn ènìyàn kò ní gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí àwọn atúnṣe fi máa ń dá àárín ohùn padà sínú rẹ̀. Ẹni tó ní Marshall tàbí Vox lè má nílò àtúnṣe náà rárá.

Ní ti Vox, àpẹẹrẹ tó dára jù ni Brian May ti ẹgbẹ́ Queen. Pẹ́dà tó ń gbé tírébù sókè ló ń lò pẹ̀lú AC30, ó sì ti sọ pé ọ̀dọ̀ Rory Gallagher, ọmọ ilẹ̀ Ireland, lòun ti kọ́ ọ. Pẹ́dà yẹn nìkan, bí wọ́n bá so ó mọ́ ẹ̀rọ tó mọ́ gaara, tín-ín-rín ni ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí AC30 bá ti wà lókè, tírébù tí pẹ́dà gbé wá ló máa kọ́kọ́ há, ohùn á wá rọ̀, á sì máa kọrin.

Níbi tí kò sí àmpílífáyà gìtá

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti òde àríyá nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n kì í gbé àmpílífáyà gìtá wá. Míksà ni onígìtá ń so wáyà rẹ̀ mọ́ tààrà, ohùn rẹ̀ á sì bá sípíkà tí gbogbo ènìyàn ń lò jáde. Bí ohùn gìtá bá mọ́, kò sí wàhálà níbẹ̀. Bí ó bá ti tẹ pẹ́dà tó ń mú ohùn há, àwọn èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í di etí.

Sípíkà gìtá kì í lè gbé ohùn tó ga ju bí 5,000 ìgbọ̀nrìrì lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan jáde dáadáa. Ohun tí àwọn kan á kà sí àléébù yìí gan-an ni ààbò, nítorí òkè ibẹ̀ ni kíkùn tó ń gún ni létí pọ̀ sí jù. Sípíkà tí wọ́n ń lò fún ìwàásù àti orin ń gbé ohùn tó ga ju ìyẹn lọ dáadáa, nítorí náà kò sí ohun tó máa sẹ́ ohùn pẹ́dà náà. Àtúnṣe tó wúlò fún irú onígìtá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe IC àtijọ́. Ohun tó nílò ni pẹ́dà tó ń ṣe bí sípíkà gìtá, tàbí àmpílífáyà kékeré kan tí wọ́n gbé maikirofóònù sí iwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà fún àwọn tó ń ta jùjú. Nínú orin King Sunny Adé àti Ebenezer Obey, gìtá kan kọ́ ló ń dún. Wọ́n pọ̀, oníkálukú ló ní gbólóhùn kékeré tirẹ̀ tó ń dá ti ẹnì kejì lóhùn. Ohùn tó há kò rọrùn fún irú iṣẹ́ yìí, ó sì ní ìdí. Bí ohùn méjì bá jọ wọ inú ẹ̀rọ tó ń gé orí ìgbì, wọ́n á bí ohùn mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò ta. Bí ọ̀kan bá ń gbọ̀n ní ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, tí ìkejì ń gbọ̀n ní 300, ọ̀kan nínú ọmọ tí wọ́n máa bí jẹ́ 100, ìyẹn sì bá àwọn òbí rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n bí ìkejì bá jẹ́ 252, tí í ṣe irú ohùn méjì tí onígìtá jùjú sábà máa ń ta pọ̀, 52 ni ọmọ náà, kò sì bá ẹnì kankan tan. Ìdí nìyẹn tí ohùn fi máa ń dàrú.

Èyí kò sọ pé ohùn híhá kò ní àyè nínú orin wa. Ẹgbẹ́ BLO tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1972, tí Berkley Jones ń ta gìtá níbẹ̀, lo gìtá tó há nínú rẹ́kọ́ọ̀dù wọn, "Chapter One", tó jáde lọ́dún 1973. Bí onígìtá bá ń ta okùn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, tó ń mú gìtá sọ̀rọ̀ bí ìlù dùndún, ohùn lè há kí ọ̀rọ̀ sì ṣì já gaara. Orí okùn púpọ̀ tí wọ́n ta pọ̀ ni wàhálà wà.

Bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn dán pẹ́dà wò

Ohun àkọ́kọ́ ni kí oníbàárà gbé gìtá àti àmpílífáyà tirẹ̀ lọ, tàbí kó béèrè fún irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun kejì ni kó dán an wò bí ohùn ṣe máa ń lọ sókè tó lóde eré. Etí ènìyàn kì í gbọ́ béèsì àti tírébù dáadáa bí ohùn bá wà nílẹ̀. Fletcher àti Munson ti fi èyí hàn ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1933. Nítorí náà, pẹ́dà tí ènìyàn yí bọ́tìnì rẹ̀ títí tó fi dùn nínú yàrá lóru lè kún fún béèsì, kó sì máa gún etí lórí ìtàgé.

Ohun kẹta ni kó ṣọ́ra fún ariwo tó ń tan etí jẹ. Bí pẹ́dà méjì bá ń dún, èyí tó fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ ni etí á pè ní èyí tó dùn jù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́, kó mú ohùn méjèèjì dọ́gba, kó kọ ẹ̀yìn sí wọn, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa pààrọ̀ wọn láìsọ èyí tó jẹ́. Bí kò bá lè dá èyí tí wọ́n tún ṣe mọ̀ yàtọ̀, kó fi owó rẹ̀ sápò.

Ẹ ṣọ́ iná

Pẹ́dà kò léwu fún ẹni tó fẹ́ tú u wò, nítorí fóòtì 9 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Ṣùgbọ́n ó lè jóná bí wọ́n bá fi iná tó ju èyí tí ó yẹ lọ sí i, tàbí tí wọ́n bá gbé ẹnu iná náà sódì. Fuzz Face onígermanium tún ní ti ara rẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo iná lódìkejì sí bí pẹ́dà yòókù ṣe ń lò ó. Ẹni tó bá so gbogbo wọn mọ́ orísun iná kan ṣoṣo lè mú kí iná wọn kan ara wọn. Bátìrì tirẹ̀ ni kí wọ́n fi sí i.

Àmpílífáyà onífáàfù kì í ṣe ohun eré ní tirẹ̀. Iná inú rẹ̀ lè ju fóòtì 400 lọ, àwọn kapásítọ̀ rẹ̀ sì lè tọ́jú iná náà pamọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ó lè pa ènìyàn. Ẹni tí kò bá kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Wọn kò sì gbọdọ̀ tan án láìso sípíkà mọ́ ọn, nítorí tiransifọ́mà rẹ̀ lè bàjẹ́. Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà náà gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò: iná fóòtì 120 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ti Nàìjíríà sì tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó dára ló ti jóná lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ délé.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Onígìtá tó bá ń gbé pẹ́dà lọ fún àtúnṣe, kó sọ fún oníṣẹ́ ọwọ́ náà irú àmpílífáyà tí òun ń lò, iye sípíkà tó wà lára rẹ̀, àti bí òun ṣe máa ń ṣí i sókè tó. Bí ó bá ṣeé gbé, kó gbé e dání. Atúnṣe tí kò bá béèrè nǹkan wọ̀nyí kó tó gba owó, ìdajì iṣẹ́ ló fẹ́ ṣe.